Dùùrù Tí Ará Ilé Kò Ní Gbọ́

Ìyá kan ti kọ dùùrù oníná méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Challenge. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

"Ṣé èyí ṣeé ki íápíìsì bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ta ló fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ọmọ mi obìnrin. Orin òyìnbó àtijọ́ ló máa ń tẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ti sú àwọn ará ilé wa ní Bódìjà."

"Ẹ mú un wá kó dán an wò."

"Ó ti kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ la fi dùùrù rẹ̀ tọrẹ."

Ọwọ́ ọlọ́jà náà dúró lórí páálí dùùrù náà. "Orin wo wá ni wọ́n ń gbọ́, mà?"

Ìyá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Tètè bá mi dì í, jọ̀ọ́. Aago méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀."