Aago Tó Ń Jẹ Oòrùn

"Ebi lẹ fi pa á," ni Màmá Àbẹ̀bí, tó ń tún aago ṣe, wí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlàjà. "Oòrùn ni aago yìí ń jẹ, ẹ wá tì í mọ́nú àpótí!"

Ojú ti Akínlàjà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ tó ni aago náà ni kò ti fọwọ́ kàn án mọ́.

Màmá yọ bátìrì tó ń tọ́jú agbára oòrùn, tó ti kú, ó fi tuntun sí i, ó gbé e sóòrùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ aago bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màmá yí i bó ṣe yẹ, ó nà án sí Akínlàjà.

"Ó yá, aago mélòó ló lù?"

Akínlàjà tẹjú mọ́ ọn títí, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ aago. Ó rọra yíjú sí ògiri, tí gbogbo ayé ń béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?"

Ògiri ò mọ ìtìjú. Ó ké e sókè níwájú gbogbo oníbàárà: "Aago mẹ́wàá géérégé, Ọ̀jọ̀gbọ́n!"