Síméńtì Tí Ọ̀dà Ò Kàn

Fereti ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Auckland dé sí Sámóà ni. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó ti ń jágbe mọ́ Vaelua, agbaṣẹ́ṣe tó tún ilé ìdílé rẹ̀ ṣe.

“Ọ̀dà ti ń bó! Ṣé eèpo àgbọn lo fi kùn ún ni?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Màá tún un kùn.”

Fereti gbẹ́sẹ̀ lé pèpéle síméńtì kan níwájú ilé, ó ń nu ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ sí i lára.

“Èyí ńkọ́? Ọ̀dà ò tiẹ̀ kàn án rárá! Fọ́ ọ dànù!”

Vaelua na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

“Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yin lẹ pè láti Auckland pé ká fi í sílẹ̀, pé ọwọ́ ara yín lẹ máa fi kun sàréè màmá yín. Ọdún mẹ́fà rèé.

“Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ kúrò láyà wọn ná.”