Èébú fún Àkànmú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó ti ara yín, kí n pa àlọ́ kan fún yín.

Ọ̀fẹ́ ni búlọ́ọ̀gì, ojú-ewé orí ayélujára, tí Àkànmú máa ń kọ orin rẹ̀ sí. Láti ọjọ́ tó ti kú, Àṣàbí ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú ojú-ewé náà. Láràárọ̀ ni ojú-ewé náà máa ń bi í bóyá kí àwọn òǹkàwé fèsì, àbí kí wọ́n má fèsì.

Lọ́jọ́ tí ikú ọmọ rẹ̀ pé ọdún kan, ó fẹ́ ti àyè èsì náà pa. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti gbé abọ́ dání síwájú ẹ̀rọ oúnjẹ tí àwọn oní-búlọ́ọ̀gì gbé síbẹ̀, èyí tó ń fi ẹ̀wà san owó èsì. Ẹni tó bá fi èsì yin olórin á gba ṣíbí kan. Ẹni tó bá bú u á gba abọ́ kíkún.

"Ìyá Àkànmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i," ni Làmídì aládùúgbò bẹ̀ ẹ́. "'Olórí burúkú' lásán ni mo máa kọ."

"Ṣebí o kọ ìyẹn lánàá!"

"Ó dáa, mà á kọ 'ọ̀lẹ'."

Àṣàbí rọra dá orin ọmọ rẹ̀, ó sì ṣí i. Èébú ń rọ̀, ẹ̀wà gbígbóná ń dà sínú abọ́.

Ebi ń pa òun náà. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ tí kò wúlò." Abọ́ rẹ̀ kún.

Gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àkànmú, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.