Ìwé Ọpẹ́olúwa

Olùkọ́ náà tẹ fóònù rẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sì wọlé sórí fóònù gbogbo kíláàsì.

"A ti rí i gbà, sà," ni Rẹ̀mí, olórí kíláàsì, wí.

Olùkọ́ wá fa ìwé tó tẹ̀ jáde ní Ìyánà-Ìbà láàárọ̀ yọ nínú báàgì. "Ti Ọpẹ́olúwa rèé. Iná fóònù máa ń ta á lójú."



Rẹ̀mí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Sà, ọjọ́ Ẹtì la sin Ọpẹ́olúwa."

"Mo mọ̀." Kò gbójú sókè. "Wọ́n ní bàbá ò gbọdọ̀ mọ sàréè ọmọ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó wà. Jọ̀wọ́, bá mi mú un lọ fún un."