Ọkùnrin Tó Nu Ìlà Funfun Kúrò Lára Rímù Rẹ̀

Bí ọmọdé bá ń ṣe orí kunkun, ẹgba á bá a wí. Bí àgbàlagbà tó tún jẹ́ ọ̀gá bá ń ṣe é ńkọ́, ta ni yóò bá a wí? Irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ-Wò-Mí lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo òun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnu kankan bá òun wí.

Òun ni alábòójútó ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páìpù omi. Ó lé òṣìṣẹ́ kan dànù níbẹ̀ nítorí pé ó gbàgbé láti fún nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo le. Òṣìṣẹ́ náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ọ̀gá kò gbọ́. Nílé, ìyàwó Ẹ-Wò-Mí ti kó lọ tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Láràárọ̀ ni Ẹ-Wò-Mí ń fi jíìpù rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí àbúrò yìí, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ó rí irú rímù kan nínú fídíò àwọn tó ń fi jíìpù sáré nínú iyanrìn. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ọkọ̀ wọn má baà rì. Kí táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ má baà yọ, wọ́n ń fi òrùka irin tẹ etí rẹ̀ mọ́ rímù, wọn á sì fi nọ́ọ̀tì dè é yípo. Ẹ-Wò-Mí kò wọ iyanrìn rí. Títì ọlọ́dà ni láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, ó ra mẹ́rin, ó kó wọn lọ bá bàbá fọkanáísà tó ń ṣe táyà ní àdúgbò.

Odindi ọjọ́ kan ni bàbá náà fi dè wọ́n. Nígbà tó parí, ó fi ọ̀dà fa ìlà funfun tín-ín-rín láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí òrùka.

"Ọ̀gá, òrùka ló di táyà mú. Nọ́ọ̀tì méjìlélọ́gbọ̀n ló di òrùka mú. Ẹ̀yin lẹ ó máa di nọ́ọ̀tì mú o. Ẹ wo ìlà yìí láràárọ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti já, ó ti ń tú nìyẹn. Kí ẹ sì máa gbé ọkọ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n fi sípánà oníwọ̀n, tó ń fi bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó hàn, yẹ̀ wọ́n wò."

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Baba, ṣé ọkọ̀ ni mo ní ni àbí aláìsàn?"

"Tí ẹ ò bá ní ráyè, ẹ jẹ́ n dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Èyí kì í ṣe ohun àwakiri lójoojúmọ́."

Ẹ-Wò-Mí rẹ́rìn-ín, ó wakọ̀ lọ. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́: "Ta ló fi ẹfun kọ wíìlì yín? Ó rí bíi síléètì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Bó ti délé, ó mú kẹrosíìnì àti àkísà, ó nu gbogbo ìlà náà kúrò.

Àbúrò rẹ̀ bá a níbẹ̀. "Bùrọ̀dá mi, kí lẹ ń nù yẹn? Báwo lẹ ó ṣe wá mọ èyí tó ń tú?"

"Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o kì í ṣe mẹkáníìkì. Tọ́jú abẹ́rẹ́ rẹ."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Oṣù mẹ́ta kọjá, rímù ń dán, nọ́ọ̀tì ń tú díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tó ń fi í hàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ariwo bẹ̀rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Bùrọ̀dá, nǹkan ń dún lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí. Ẹ dúró."

"Òkúta ló há sí táyà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré."

"Kí gbogbo títì wá máa wò mí níbi tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún wíìlì? Rárá o!"

Ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Ní kọ́nà tó kángun sí ilé ìwòsàn, òrùka náà ṣí, gbogbo afẹ́fẹ́ táyà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Jíìpù fò gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó sì gbá obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń gbá títì. Àbúrò bẹ́ sílẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ di ẹsẹ̀ obìnrin náà tó ti fọ́. Ohun tí obìnrin náà ń wí ni pé, "Ẹ bá mi wá ìgbálẹ̀ mi, wọ́n á lé mi níṣẹ́."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ẹ-Wò-Mí bẹ àbúrò rẹ̀. "Sọ pé o kò gbọ́ ariwo kankan. Ṣebí ọmọ ìyá ni wá?"

"Ọmọ ìyá ni wá, Bùrọ̀dá mi. Obìnrin yẹn náà ní ọmọ ìyá."

Nílé ẹjọ́, àbúrò sọ gbogbo ohun tó rí àti ohun tó gbọ́. Adájọ́ ní kí Ẹ-Wò-Mí lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ láéláé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àbúrò rẹ̀ wá wò ó lẹ́wọ̀n, láti sọ fún un pé òun ti kó kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò ni Ẹ-Wò-Mí ń wẹ̀, tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó jáde, ó bá yàrá àbúrò rẹ̀ lófìfo, eruku bo fèrèsé. Láràárọ̀ báyìí, ó máa ń tan rédíò, á kí ẹni tó ń ka ìròyìn pé ẹ káàárọ̀, á sì tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí. Ohun tí wọ́n ṣe fún eré nínú iyanrìn, bí o bá gbé e wá sí títì tí gbogbo ayé ń rìn, ìwọ lo gba ìtọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí o kò bá lè tọ́jú rẹ̀, fi irú èyí tí gbogbo ayé ń lò sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Ẹni tó bá sì ń bá ọ wí, má kà á sí ọ̀tá. Ó ń bá ọ wí nítorí pé ó ṣì fẹ́ bá ọ gbé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ìgbéraga olówó kì í sábà ṣẹ́ olówó léegun. Obìnrin tó ń gbá títì kò mọ ohunkóhun nípa rímù náà, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì bá a lọ.