Awò Ìbọn Táòfíkì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ o. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ń ṣọdẹ, ẹ kà á sí i létí.

1.
Táòfíkì ará Òkè-Bùkún mọ ìbọn yìn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò mọ ẹ̀sọ̀. Nígbà tí Àsíyátù ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin, Bàbá Hámzà, tó jẹ́ bàbá Àsíyátù àti àgbà ọdẹ, ní òun yóò wá ẹran ìgbẹ́ tí wọn yóò fi ṣe ìkómọ.

"Bàbá, ẹ jókòó yín," ni Táòfíkì dá a lóhùn. "Wọn ò ní sọ pé àna mi ló bá mi bọ́ àlejò. Ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, ẹ fi igbó sílẹ̀ fún àwa."

Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n má gbàgbé okun o."

Òfin ọdẹ ibẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí o rí nǹkan nínú igbó, o ò gbọdọ̀ yìnbọn láìkọ́kọ́ kí i. "Okun o!" lo máa pè. Bó bá jẹ́ ènìyàn, á dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹran, á sá lọ, ìwọ á sì pàdánù rẹ̀. Ohun tó ń bí Táòfíkì nínú gan-an nìyẹn.

2.
Ó bá gba Kabba lọ láti ra awò ìbọn, gíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn kí ọdẹ lè máa rí ọ̀ọ́kán. Lájídé tó ń tà á gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan kúrú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Èkejì gùn, ó ń fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún.

"Ṣé ìrọ̀lẹ́ lẹ fẹ́ máa lò ó?" ni Lájídé bi í. "Ẹ mú kúkurú yìí. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ yẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù wọlé, ẹ ó sì rí gbogbo ara ẹran. Gígùn yìí, bí ẹ bá fà á dé òpin nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ṣe ló ń ṣókùnkùn. Ibi kékeré ló sì máa fi hàn yín."

"Kúkurú ni kí n gbé lọ sáàárín ọdẹ? Fún mi ní gígùn, jàre."

Nígbà tó délé, gbogbo ìlú ló fi í hàn. Ó ní, "Ẹni tí kò ríran ló ń kí ẹran. Èmi ti ra okun tèmi ní Kabba." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ẹ̀rín yìí.

3.
Ó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣọdẹ, kò rí nǹkan kan pa. Ìkómọ ku ọ̀la. Oòrùn ti wọ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá oko iṣu kan, ó sì fa awò rẹ̀ dé òpin. Koríko mì. Ó gbójú lé gíláàsì: orí ẹtu ni, ìwo kékeré méjì, etí, ọrùn. Ìyókù ṣókùnkùn.

Okun dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, ó yìnbọn.

Ẹran ṣubú. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sáré lọ kó lè dú u kó tó kú, kó má bàa di òkúǹbete mọ́ ọn lọ́wọ́. "Bísímílàhì, Bísímílàhì," ló ń wí bó ti ń sáré. Ó di orí ẹtu mú, ó yí ọrùn rẹ̀ sókè.

Wọ́n ti dú u.

Ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ ti wà lọ́rùn ẹran náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Táòfíkì ṣì lanu sílẹ̀ nígbà tí ohùn kan jáde lábẹ́ ẹran náà.

"Okun o... Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Hámzà ni. Ó ti gbọ́ pé àna òun kò rí ẹran pa, ló bá rọra wọ igbó lọ pa ẹtu. Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó ń gbé e bọ̀, kí ojú má bàa ti Táòfíkì lọ́la.

"Bàbá! Èmi ni o! Táòfíkì ni!"

"Háà," ni bàbá wí. "O ò kí mi."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

4.
Ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n sin ín. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọmọ. Ọlọ́pàá gbé Táòfíkì lọ, nígbà tó di oṣù kẹta wọ́n ní èèṣì ni, wọ́n tú u sílẹ̀. Àwọn ará ìlú ò tú u sílẹ̀ ní tiwọn. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láìdúró lókèèrè kó kígbe pé, "Okun o! Ènìyàn ni mí o!" Lọ́sàn-án gangan! Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe é, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àsíyátù ló kọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ padà dé, ó pọn Hámzà kékeré, ó wá kó ẹrù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn, kò gbẹ́sẹ̀ wọlé.

"Okun o," ló wí. "Ènìyàn méjì ni wá."

Táòfíkì ń sunkún, kò lè dáhùn. Àsíyátù dúró títí. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn, ó yí padà, ó fi ẹrù náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọdẹ, ohun tí ẹ kò bá rí tán, ẹ má yìnbọn sí i. Irinṣẹ́ tuntun kò pa òfin àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá sì ń fi ojú àgbà tó ń ṣe bàìbàì ṣe yẹ̀yẹ́, kó ṣọ́ ojú tirẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ìbọn nílé kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, bó pẹ́ títí, á ṣẹ lálẹ́.