Bíríkìlà Tó Ń Fojú Wọn Ògiri

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

1. Bíríkìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n. Bó bá ti dijú kan wo ògiri, á sọ ibi tó ti wọ́, láìta okùn. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi.

2. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀fọ́rí jí. Á bì láàárọ̀, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Èjìká rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn.

"Olówó orí mi, ìrìn ọmọ yìí ti wọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù."

"Èmi tí mò ń rí ògiri tó wọ́ lókèèrè, ṣé ọmọ mi ni mi ò ní rí? Ilé ìwé ni kò fẹ́ lọ."

Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

3. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà rí abọ́ kan ní méjì, ìyá rẹ̀ ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé e lọ. Ojú-Ìwọ̀n ń kùn tẹ̀ lé wọn.

Dókítà ní kí ọmọ náà rìn lórí ìlà tó wà láàárín táìlì ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó ti yà. Ojú bàbá rí i wàyí.

Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. "Kókó kan ń dàgbà nínú ọpọlọ rẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́ ló fà á, àmọ́ ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé. A ó ṣiṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó lo ìtànṣán àti oògùn fún èyí tójú ò lè rí."

Ojú-Ìwọ̀n tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n ṣe é.

4. Iṣẹ́ abẹ yọrí. Ṣùgbọ́n omi tí kókó náà sé mọ́ inú orí ti ba iṣan ojú jẹ́, ojú òsì ò ríran mọ́. Oògùn mú kí irun ọmọ náà re. Ó tún ìrìn kọ́ bí ọmọ ọwọ́.

Bàbá rẹ̀ ta okùn iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà sì ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó rìn ín dópin láìyà, ó rẹ́rìn-ín.

"Dádì, mo jù yín lọ. Èmi ò ní láti dijú kan kí n tó wọn ògiri."

Ojú-Ìwọ̀n rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní, bó bá ń yangàn, ọmọ yìí ló ń fi yangàn. Kì í mẹ́nu ba ògiri mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń fi ẹ̀fọ́rí jí, tó ń bì láàárọ̀, tí ìrìn tàbí ìríran rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣe é ní mo-mọ̀-ọ́n-tán. Gbogbo ẹ̀fọ́rí kọ́ ni kókó, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.